Ẹ Má Fi Wọ́n Sábẹ́ Igi Mọ́: Bí A Ṣe Lè Fi Kíláàsì Eré Ìdárayá ní Yunifásítì Yí Èrò Nípa Aláàbọ̀ Ara Padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ eré ìdárayá ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ máa di tíṣà lọ́la, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ọ̀pọ̀ pápá tí mo ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí, igi kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, abẹ́ igi yẹn sì ni wọ́n máa ń ní kí sítúdẹ́ǹtì tó bá ń fi ọ̀pá rìn, tàbí tójú ẹ̀ ò ríran dáadáa, lọ jókòó sí. Wọ́n á kó báàgì fún un ṣọ́, wọ́n á fún un ní aago kó máa ka àkókò, tàbí kí wọ́n ní kó máa kọ skọ́ọ̀. Tí sẹ́mẹ́sítà bá parí wọ́n á fún un ní 50 báyìí, kó má baà fẹ́ẹ̀lì, gbogbo èèyàn á sì máa rò pé àwọn ṣàánú ẹ̀ ni.

Èmi náà ṣe é. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, pólíò ti bá ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ jà láti kékeré, mo fún un ní fèrè àti ìwé skọ́ọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Ọjọ́ tá a parí ló wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbá table tennis ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa. Ẹ ò bi mí ni." Kò bínú rárá, ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó ti mọ́ ọn lára. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa ṣe é, ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí sì ni bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, ó lè wọ inú kọ́ọ̀sì kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kò sì gba owó púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba èrò ọkàn wọn sílẹ̀ ná

Ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹ pín bébà fún gbogbo kíláàsì, kò gbọdọ̀ sí orúkọ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nọ́ńbà matric. Ẹ ní kí wọ́n parí gbólóhùn mẹ́ta péré: "Tí mo bá rí ẹni tó jókòó sórí wíìṣíà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni..." "Eré tí afọ́jú lè ṣe ni..." "Tí wọ́n bá fi aláàbọ̀ ara kún tíìmù mi, mo máa..." Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa níwájú wọn, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn la máa ṣí i. Ẹ má wàásù o. Ẹni tẹ́ ẹ bá wàásù fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á kàn kọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ni, èrò tó wà lọ́kàn ẹ̀ á sì wà níbi tó wà.

Nínú àwọn ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tí mo ti ṣí, "àánú" ló máa ń pọ̀ jù. Ẹlòmíì á kọ "mo máa gbàdúrà fún un." Níbi eré tí afọ́jú lè ṣe, ẹnì kan kọ "orin." Ọ̀pọ̀ kọ "kò sí." Mo ti rí "ayé ló ṣe é" rí, mo sì ti rí "ó ní láti jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ṣe nǹkan kan." Ká má bú àwọn ọmọ yìí, ilé ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn bàbá wa ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òòṣà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní sọ pé kò sí. Àmọ́ ọ̀wọ̀ tó ń gbé èèyàn jókòó sápá kan ni. Lóde òní, tí aláàbọ̀ ara bá wọ ibi ìsọjí, wọ́n á ti pè é bọ́ síwájú kí wọ́n tó bi í pé kí lorúkọ ẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yìí, kò sí èyí tó béèrè bóyá ó fẹ́ bá wa gbá bọ́ọ̀lù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bi í léèrè

Àwọn àgbà ní a kì í ka ìka lójú oníka-mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, ó sì dáa gan-an níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lórí pápá, dídákẹ́ yẹn gan-an ló ń fa wàhálà, torí pé a ò fẹ́ ka ìka ẹ̀, a ò ní bi í bóyá ó lè di bọ́ọ̀lù mú, a ó kàn pinnu fún un, ìpinnu wa á sì máa jẹ́ "jókòó" ní gbogbo ìgbà.

Béèyàn ṣe ń béèrè ló ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe é níwájú kíláàsì. Ẹ pè é sápá kan, tàbí ẹ ní kó wá sí ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: kí lo máa ń ṣe tó o fẹ́ràn, kí lo fẹ́ ká yí padà, kí ni kò yẹ ká ṣe? Ìbéèrè tí kò yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni "kí ló ṣe ẹ́?" Tó bá fẹ́ sọ, á sọ. Tí ò bá fẹ́ sọ, bó ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù la fẹ́ mọ̀, a ò fẹ́ gbọ́ ìtàn ìbí ẹ̀. Ẹ má sì gbé wíìṣíà ẹnikẹ́ni tì láìbi í, wíìṣíà yẹn, bí ara ẹ̀ ló rí, bí ìgbà téèyàn bá kàn fa yín lọ́wọ́ lójú títì ni.

Ẹ tún fi ìlà kan sínú course outline, kẹ́ ẹ kà á sókè lọ́jọ́ kìíní fún gbogbo wọn: "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ká ṣàtúnṣe ohunkóhun nínú pírákítíkà, kó wá rí mi, kò sí ẹni tó máa mọ̀." Torí ọ̀pọ̀ ò hàn sójú. Ọmọ tó ní sickle cell wà níbẹ̀ tó máa sá yí pápá ká torí ojú ń tì í, tó sì máa sùn sí ọsibítù lálẹ́. Ẹni tó ní wárápá wà níbẹ̀, ẹni tí etí ẹ̀ kan ò gbọ́ràn náà wà níbẹ̀. Onísickle cell, omi lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìsinmi nígbà tóun fúnra ẹ̀ bá fẹ́, kì í ṣe ìgbà tí fèrè yín bá dún, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí òjò tàbí òtútù pa á. Àfín, ẹ jẹ́ kó wá láàárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kó dé fìlà etí gbòòrò, kó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kẹ́ ẹ sì lo bọ́ọ̀lù tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ dáadáa nítorí ojú ẹ̀. Ìwọ̀nba nǹkan wọ̀nyí ò gba náírà kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bá a rìn dé pápá

Ẹ mú sítúdẹ́ǹtì yẹn dání, ẹ jọ rìn láti họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí ẹnu géètì dé ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ wọn, kẹ́ ẹ mú bírò dání. Ẹ ó rí gọ́tà tí wọn ò bò, àtẹ̀gùn mẹ́ta tí kò nídìí, yanrìn tí táyà máa rì sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò gba wíìṣíà kọjá. Mo ti ń gba ọ̀nà yẹn kọjá fún ọdún mẹ́rin kí n tó rí gọ́tà yẹn.

Nǹkan tó kéré níbẹ̀, ẹ ṣe é fúnra yín, wẹ́dà á fi irin pẹlẹbẹ bo gọ́tà láàárín ọjọ́ kan, kíláàsì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ kó o wá sísàlẹ̀. Èyí tó bá ju agbára yín lọ, ẹ kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì dárúkọ òfin nínú ẹ̀: òfin Nàìjíríà tó ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ti 2018, tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019. Ọdún márùn-ún ni òfin yẹn fún àwọn ilé ìjọba àti ilé tí gbogbo èèyàn ń lò láti ṣe ọ̀nà fún aláàbọ̀ ara, ọdún márùn-ún yẹn sì ti pé ní oṣù kìíní 2024. Ẹ má kọ ọ́ bíi pé ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ kọ déètì òfin sí i, ẹ kọ iye mítà tí gọ́tà yẹn jẹ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sì fi kọ́pì kan pamọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ má so aṣọ mọ́ wọn lójú kí wọ́n máa rìn kiri

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tíṣà fẹ́ràn èyí, wọ́n á di ojú kíláàsì, wọ́n á ní kí wọ́n rìn dé láíbìrì kí wọ́n lè mọ bí afọ́jú ṣe ń jìyà. Ọkàn rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí irú nǹkan báyìí ní 2017, ohun tí wọ́n rí ni pé àánú lè pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù àti àìlólùrànlọ́wọ́ ni àwọn tí wọ́n fi ṣe é bá jáde. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó di ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti àìríran ló mọ̀, ìgbà tó burú jù nìyẹn, kò mọ ọgbọ́n ogún ọdún tí afọ́jú fi ń gbọ́ ògiri kó tó kàn án. Ó wá lọ sílé pẹ̀lú "ẹ̀yin èèyàn yìí ń gbìyànjú o," èyí tá a fẹ́ mú kúrò lọ́kàn ẹ̀ gan-an.

Eré gidi tó ní òfin ni kẹ́ ẹ fún wọn, eré tí wọ́n ti lè pàdánù sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń káàánú.

Ìgbésẹ̀ 5: Fólíbọ́ọ̀lù ìjókòó

Òun ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tí ò mọ fólíbọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1956, àwọn ọkùnrin ń gbá a ní Paralympics, ìyẹn Òlíńpíìkì ti àwọn aláàbọ̀ ara, láti 1980, àwọn obìnrin láti 2004. Kóòtù ẹ̀ kéré, mítà 10 ní gígùn, mítà 6 ní fífẹ̀, mẹ́fà-mẹ́fà ni tíìmù. Nẹ́ẹ̀tì ga ní mítà 1.15 fún ọkùnrin, mítà 1.05 fún obìnrin, tẹ́ ẹ bá da ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ ẹ lo 1.05. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé nígbà téèyàn bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ìdí ẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, tó bá gbé ìdí sókè, fáòlù ni. Wọ́n sì lè búlọ́ọ̀kì sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́kọ́ gbá láti bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọn ò gbà nínú fólíbọ́ọ̀lù tá a mọ̀.

Ẹ má ṣe é lórí kọ́ńkéré, á bó wọn lára. Gbọ̀ngàn onítáìsì dáa, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ rọ́bà ilẹ̀ tàbí mátì jímù. Ẹ ní kí gbogbo wọn wọ ṣòkòtò gígùn. Nẹ́ẹ̀tì, okùn méjì láàárín òpó tàbí àga tó wúwo méjì ti tó, kẹ́ ẹ fa aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ má fún wọn ní bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ ti ara wọn síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, kí wọ́n dé ìlà kí wọ́n padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ pé ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi ń rìn ni wọ́n máa fi gbá bọ́ọ̀lù, tí wọn ò bá tètè dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, kò sí ọwọ́ tó máa kù láti gbá a.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga yẹn tó ń gbá fólíbọ́ọ̀lù fún yunifásítì, tó máa ń fò dé òkè, ẹsẹ̀ ẹ̀ á di ẹrù, kò ní mọ ibi tó máa kó o sí, á ká a, á nà án, bọ́ọ̀lù á ti kọjá. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ gbé ara ẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, tàbí tó ń fi ọ̀pá abẹ́ apá rìn lójoojúmọ́, èjìká ẹ̀ ti le, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìdí lórí ilẹ̀, á ti dé ibẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó bá ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò sí sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti wà ní kíláàsì kan náà fún ọdún méjì, ohun tó sì bá a sọ ni "Jọ̀ọ́, báwo lo ṣe ń yí yẹn?" Mi ò kọ́ wọn ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kóòtù ló kọ́ wọn.

Níbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sí ọ̀rọ̀ kan, "pẹ̀lẹ́." Tí ẹni tí ara ẹ̀ pé bá pàdánù bọ́ọ̀lù, wọ́n á pariwo mọ́ ọn, "Kí lò ń wò!" Tí aláàbọ̀ ara bá pàdánù bọ́ọ̀lù kan náà, gbogbo kóòtù á pa ohùn pọ̀, "Pẹ̀lẹ́ o." Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni pẹ̀lẹ́ fún àwa Yorùbá, a máa ń kí ẹni tó kọsẹ̀, à ń kí ẹni tó gbé ẹrù, ṣùgbọ́n lórí kóòtù ohun tó ń sọ ni pé a ò retí kó o gbá a. Ẹ ní kí ẹnì kan máa ka pẹ̀lẹ́ láìsọ fún wọn, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ka iye ẹ̀ fún wọn, láìdárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Kíláàsì mi dákẹ́ lọ. Ìgbà tá a tún gbá fólíbọ́ọ̀lù náà, ọmọbìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn lu sáàfù sínú nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, kápùtéènì ẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé kó gbé ọwọ́ sókè jàre. Ó rẹ́rìn-ín títí tí sáàfù ẹlẹ́ẹ̀kẹta tún fi lọ síta.

Ìgbésẹ̀ 6: Goalball, pẹ̀lú ṣaworo

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ni mo máa ń fi sí i. Àwọn méjì, ará Austria kan àti ará Jámánì kan, ni wọ́n dá eré yìí sílẹ̀ ní 1946 fún àwọn ọmọ ogun tójú wọn fọ́ lójú ogun, ó sì ti wọ Paralympics láti 1976. Mẹ́ta-mẹ́ta ni tíìmù, kóòtù jẹ́ mítà 18 ní gígùn, mítà 9 ní fífẹ̀, góòlù sì fẹ̀ láti etí kóòtù dé etí kejì. Wọ́n á yí bọ́ọ̀lù tó ní agogo nínú lọ nílẹ̀, àwọn tó kọjú sí wọn á fi gbogbo ara sùn dí i. Gbogbo wọn ló máa bo ojú, ẹni tó ríran, ẹni tó ríran díẹ̀, ẹni tí ò ríran rárá, kí gbogbo ẹ̀ lè dọ́gba.

Bọ́ọ̀lù gidi ẹ̀ wúwo tó kílò 1.25, ó sì wọ́n. Èyí tí mo ń lò, bọ́ọ̀lù basketball àlòkù ni, mo ra ṣaworo mẹ́jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìlù dùndún, mo la bọ́ọ̀lù náà ní ojú kékeré tó lè gba ṣaworo kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn wọlé, mo gbé e lọ bá fọkanáísà, ó fi páàṣì bò ó bó ṣe ń lẹ táyà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ ọdún méjì lọ́wọ́ wa. Ó fúyẹ́ ju ti gidi lọ, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Tẹ́ ò bá rí ṣaworo, ẹ fi ọ̀rá tó ń pariwo di bọ́ọ̀lù náà, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ìlà kóòtù, ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lẹ téèpù lé e lórí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Tẹ́lọ̀ á fi aṣọ dúdú oníyẹ̀rì rán ìbòjú mẹ́fà fún yín. Ẹ fi tímùtímù sí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, kẹ́ ẹ sì máa fọ ìbòjú lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, àpólò ò ṣòroó kó.

Ohun tó yàtọ̀ láàárín èyí àti rírìn kiri pẹ̀lú aṣọ lójú ni pé iṣẹ́ wà níbí tí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á burú lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á sì dáa díẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, afọ́jú tó wà láàárín wọn ló sì máa fi hàn wọ́n. Ẹ fi í ṣe kóòṣì lóòótọ́, kì í ṣe ti ẹnu, ẹ jẹ́ kó yan tíìmù, kẹ́ ẹ má sì bá a dá sí i. Àwọn tó ń wòran gbọ́dọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ títí bọ́ọ̀lù á fi wọlé. Fún ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn gan-an lẹ̀kọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Bẹ́ńṣì àti irin

Ẹ kó wọn lọ sí jímù. Nínú para powerlifting, ìyẹn eré gbígbé irin ti àwọn aláàbọ̀ ara, èèyàn á sùn sórí bẹ́ńṣì, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹ̀, wọ́n sì lè fi bẹ́líìtì dè é, á sọ irin kalẹ̀ sí àyà, á dúró jẹ́ẹ́, á wá tì í sókè, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ gòkè. Bẹ́ńṣì jímù wa kúrú, ẹ gbé tábìlì kékeré tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ sí ìdí ẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè ríbi nà sí. Irin lásán ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kílò 20, kí ẹni méjì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ tó bá ń gbé irin, á rí i pé agbára ẹ̀ ti dín kù.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà kan sára bọ́ọ̀dù: 167. Kílò tí Folashade Oluwafemiayo gbé ní Paralympics Paris ní 2024 nìyẹn, ní ìpele kílò 86, ó gba àmì ẹ̀yẹ góòlù, ó sì fi gbé àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun kalẹ̀. Ẹ fi ti Yakubu Adesokan kún un, London 2012, ìpele kílò 48, góòlù, ohun tó gbé ju ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ. Ní Rio ní 2016, góòlù mẹ́jọ ni Nàìjíríà kó bọ̀ láti Paralympics. Eniola Bolaji gba báàbà ní badminton ní 2024, kò sí ọmọ Áfíríkà kankan tó gba àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀ rí nínú eré yẹn ṣáájú ẹ̀. Ajibola Adeoye, apá kan, ó sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10.72 ní Barcelona ní 1992. Ẹ bi kíláàsì pé ta ló lè sá a ní 11. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ orúkọ kankan nínú àwọn wọ̀nyí rí, wọ́n sì lè ka gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní England.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Béèyàn ṣe ń kúrò nínú àánú, ó rọrùn láti bọ́ sínú ìyanu. "Tí Folashade bá lè ṣe é, kí ni ìwọ ń ṣàwáwí sí?" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, sí ọmọ tó kàn fẹ́ làágùn díẹ̀ kó sì pàsì kọ́ọ̀sì ẹ̀ ni. A kì í sọ fún gbogbo ọmọ tó ní ẹsẹ̀ méjì pé kó dà bíi Tobi Amusan. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ Folashade, ẹ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń di irin mú àti ọdún tó fi ṣe é, ẹ fi "láìka ipò ẹ̀ sí" sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ ṣe máa pín tíìmù

Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Allport ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ láti 1954 pé kì í ṣe kí èèyàn kàn wà níbì kan náà ló ń yí èrò padà. Ó ní kí wọ́n dọ́gba nípò, kí wọ́n jọ ní àfojúsùn kan, kí wọ́n nílò ara wọn láti dé ibẹ̀, kí àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn wo kíláàsì yín. Tí aláàbọ̀ ara bá wà lórí kóòtù àmọ́ tí wọn kì í páàsì bọ́ọ̀lù fún un, abẹ́ igi náà ló ṣì wà. Nítorí náà mo máa ń fi òfin sí i, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ èèyàn mẹ́ta tó yàtọ̀ kó tó kọjá nẹ́ẹ̀tì, mo sì ń yí kápùtéènì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó lè kan gbogbo wọn.

Tí eré kan bá ṣòro fún ẹnì kan, nǹkan mẹ́rin lẹ lè yí: ààyè, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún wọn, irinṣẹ́, àti àwọn tẹ́ ẹ jọ fi sápá kan. Ẹ mú ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Fún adití, fèrè ò wúlò, ẹ fi àsíá pupa kún un, ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ eré sísá, ẹ má sì kọ ẹ̀yìn sí i tẹ́ ẹ bá ń ṣàlàyé. Gbogbo kíláàsì ló yẹ kó kọ́ àmì ọwọ́ mẹ́wàá tó jẹ mọ́ eré náà, adití fúnra ẹ̀ ni kó kọ́ wọn.

Tí kò bá sí aláàbọ̀ ara kankan ní kíláàsì yín ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló dé tí kò sí. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí pápá ìṣeré ìjọba ìpínlẹ̀ yín, ẹ wá àwọn tó ń ṣe para-sport níbẹ̀, ẹ pè wọ́n wá kóòṣì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sanwó ọkọ̀ wọn, ẹ sì sanwó iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe kí wọ́n wá sọ ìtàn ayé wọn kí kíláàsì sunkún. Kí wọ́n wá pẹ̀lú fèrè.

Ìgbésẹ̀ 9: Máàkì

Ibí ló máa ń bàjẹ́ sí. Ẹ padà sí ìwé kọ́ọ̀sì yín, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ kọ pé sítúdẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ̀. Tó bá jẹ́ pé kó mọ bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀, kó sì lè kọ́ ẹlòmíì, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìdúró nìkan ni ó ti lè jù ú? Nínú para-athletics, àwọn kan máa ń jù ú lórí àga irin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, gíga ẹ̀ pẹ̀lú tímùtímù kì í ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ. Wẹ́dà tó bo gọ́tà yẹn lè ṣe é. Flora Ugwunwa gba góòlù ní Rio lórí irú àga bẹ́ẹ̀.

Mo ń fún wọn ní máàkì lórí ọgbọ́n eré, lórí ìtẹ̀síwájú láti ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹfà, àti lórí bí wọ́n ṣe kọ́ ẹlòmíì. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì àánú mọ́. Ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn ti fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi rí torí pé kì í wá sí kíláàsì, ó wá bá mi jà ní ọ́fíìsì bí gbogbo àwọn yòókù ṣe máa ń ṣe, ó sì tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ ṣí ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ sì jáde

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ tún pín bébà, gbólóhùn mẹ́ta kan náà. Ẹ wá ṣí ti àkọ́kọ́, ẹ ka díẹ̀ nínú méjèèjì sókè. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìkọ̀kọ̀ o, èyí tó bá lè dun ẹnikẹ́ni tó wà nínú yàrá yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan ò ní yí padà, ẹ má fi ipá mú wọn. Mo rí bébà kan lọ́dún tó kọjá, níbi "tí wọ́n bá fi aláàbọ̀ ara kún tíìmù mi, mo máa," ohun tó kọ sí i ni "bi í pé níbo ló máa ń gbá."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó wọn lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì tó wà nítòsí, kí wọ́n kọ́ SS1 ní fólíbọ́ọ̀lù ìjókòó fún wákàtí kan, kí àwọn sítúdẹ́ǹtì aláàbọ̀ ara wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì bi tíṣà ibẹ̀ pé ọmọ wo ló máa ń jókòó tí wọ́n bá ń ṣe PE. Ọmọ yẹn máa ń wà níbẹ̀. Ẹ mú bọ́ọ̀lù ṣaworo lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, kẹ́ ẹ má gbé e padà wálé, òmíràn ò ṣòroó ṣe.